Omi Ọwọ́ Satnak

Omi ni Vishwas Deshmukh fi mú Shevanta. Kì í ṣe owó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn, kì í sì ṣe irun orí rẹ̀ tí gbogbo olùkọ́ obìnrin ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nígbà náà. Omi tútù lásán ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tí wọn kò bá kọ omi ọwọ́ rẹ̀ rí láyé kò lè mọ ohun tí mò ń wí.

Ọdún tí ọ̀dá òjò mú kí ọkà bàbà gbẹ lóko ni. Shevanta ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé abúlé Pimpalvasti, Vishwas sì ń kọ́ àwọn àgbà ọmọ ní ìtàn ní ilé ìwé gíga tó wà lẹ́bàá títì. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n lágbègbè náà, nítorí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń kọ ìtàn àwọn odi àtijọ́ sínú ìwé ìròyìn kan. Bí ìwé ìròyìn náà bá ti dé, wọn á máa kà á sókè ní ìsọ̀ onítíì, wọn á máa lu tábìlì bí ẹni pé àwọn gan-an ló jagun náà. Ó gbọ́ pé ìyá àgbà kan ní àdúgbò àwọn Mahar, ìran ìsàlẹ̀ tí àwọn ìran òkè kà sí aláìmọ́, mọ orin kan nípa odi Ghorgad. Bó ṣe gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá pápá tó ya àdúgbò náà sọ́tọ̀ kúrò lára abúlé nìyẹn, tó dé ilé Baban Jadhav, bàbá Shevanta.

Shevanta bu omi wá, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré nìyẹn, kí àlejò tó jẹ́ ọmọ ìran òkè lè rí ààyè ṣe bí ẹni pé òun kò rí omi. Vishwas gbé ife náà, ó mu ún tán, ó ní kó fún òun sí i. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó mumi, ọ̀rọ̀ parí. Ọkàn Shevanta já láyà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì mọ bí yóò ṣe dá a padà sáyè rẹ̀ mọ́.

Ìyá àgbà Bhagu, tó bí bàbá Shevanta, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní òun kì í kọrin fún akọ̀wé. Ó ní akọ̀wé kan ti wá nígbà tí ojú òun ṣì ríran dáadáa, ó jẹ ẹ̀pà òun, ó gbọ́ orin òun látòkè délẹ̀, ó wá lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé ajá ọdẹ ọba ló wá omi rí fún àwọn ọmọ ogun Ghorgad.

"Ajá!" ni ìyá àgbà wí. "Ajá yá wọn lára ju bàbá ńlá wa lọ."

Nọ́ọ̀sì Leela ló bá Vishwas bẹ̀ ẹ́. Òun ló ń gbẹ̀bí ní Pimpalvasti, fún ìran òkè, fún ìran ìsàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ìrọbí yóò dé. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́ tó ń gún wọn. Ó sọ fún ìyá àgbà pé bí kò bá kọ orin náà fún ẹni tó mu omi ilé rẹ̀, ajá yẹn ni yóò jogún ìtàn wọn títí ayé. Ìyá àgbà kùn, ó gbà.

Ní ìdájí, ó jókòó ti ọlọ yíyí rẹ̀, ó da ọkà bàbà sí i, Shevanta bá a di igi ọlọ mú, Vishwas sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà gbé orin:

"Yí, ìwọ ọlọ, má tòògbé.
Àmù ọba gbẹ lórí òkè.
Ta ló sọ̀kalẹ̀ lọ sí orísun wa?
Satnak ni, Satnak ọmọ Mahar.
Ó pọn ọ́n, wọ́n mu ún.
Ẹnu tó ní ká má sún mọ́ òun ló mu ún."

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Nígbà tí ọ̀tá sé odi Ghorgad mọ́, tí kànga orí òkè gbẹ táútáú, àwọn Mahar tó ń ṣọ́ ẹnu ibodè nìkan ló mọ ibi tí omi kù sí lábẹ́ àpáta, nítorí àwọn ìran òkè kò jẹ́ kí wọ́n pọnmi ní kànga òkè rí. Satnak gun àpáta náà lálọ lábọ̀ pẹ̀lú awọ omi léjìká títí ìbọn ọ̀tá fi bá a. Àwọn ọ̀gágun Maratha, ìran òkè tí Vishwas ti wá, tí kì í jẹ́ kí òjìji rẹ̀ kan ìkòkò wọn, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti mumi, ohun tó sì jẹ́ kí wọ́n ní àtọmọdọ́mọ nìyẹn. Láyé ọjọ́un, bí orúkọ ọkùnrin bá parí sí "nak," gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé ọmọ Mahar ni. Òkúta tí wọ́n gbẹ́ ní ìrántí rẹ̀ wà ní ìdí igi lẹ́yìn ilé Shevanta, ìyá àgbà ló sì ń fi òróró pa á lọ́dọọdún.

Omijé ń bọ́ lójú Vishwas. "Ìyá," ó ní, "bí ẹ ṣe pe orúkọ yìí ni yóò ṣe jáde nínú ìwé mi. Mi ò ní yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀."

"Ẹnu dùn ún ròfọ́," ni ìyá àgbà wí, ó sì ń lọ ọkà rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Bí Shevanta bá lọ sí ọjà ìlú, á bá Vishwas níbi tí wọ́n ti ń fún omi ìrèké. Bí ó bá lọ gba owó oṣù, á bá a ní ibùdókọ̀, á ní òun kàn ń kọjá ni. Ó kàn ń kọjá lójoojúmọ́! Ó máa ń sọ fún un nípa ìwé ńlá tí òun fẹ́ ṣe, tí gbogbo odi agbègbè náà yóò wà nínú rẹ̀, tí orí tó gùn jù nínú rẹ̀ yóò jẹ́ ti Satnak. Shevanta á máa gbọ́, á sì máa bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé òun ni ọkùnrin yìí fẹ́ ni, àbí ìtàn. Nígbà tó bi í, Vishwas ní òun kò mọ bí èèyàn ṣe lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ó ní, "Ọmọ tí a bá bí, orúkọ bàbá ńlá rẹ̀ ni yóò máa fi yangàn láàárín ẹgbẹ́." Shevanta kò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ilé ló dojú rú. Nígbà tí ìyá Vishwas, opó Deshmukh tó ni ilé olókùúta tó ga jù lábúlé, gbọ́ pé ọmọ òun ń fẹ́ ọmọ Mahar, ó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó ní bí ó bá mú un wọlé, inú kànga ni wọn yóò ti wá òkú òun. Baban Jadhav náà kò rẹ́rìn-ín sí i. Ogún ọdún ló fi ṣe sójà, ó mọ àwọn èèyàn tó lè bá a kú sójú ogun tí wọn kò sì lè bá a jẹun nílé. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé àwọn ọmọ òkè lè fẹ́ ọmọ àwọn ní kọ̀rọ̀, ojúmọmọ ló máa ń ṣòro fún wọn.

Shevanta fèsì pé Vishwas kò rí bẹ́ẹ̀, pé ojúmọmọ ló mu omi àwọn. Bàbá rẹ̀ jẹ́ kó ṣe bó ṣe fẹ́. Ó fẹ́ràn ọmọ náà púpọ̀.

Ọdún méjì ni Nọ́ọ̀sì Leela fi gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òun ti gbọ́ èdè pápá àárín abúlé yẹn. Nígbà tí ìyá Vishwas bá bú Shevanta, á bu oyin sí èébú náà kó tó kọjá pápá. Nígbà tí ó bá rí i pé ojú Shevanta ti rọ, á ní, "Ọmọ mi, ìyàwó tí ìyá ọkọ kò bú rí kò tíì délé ọkọ." Shevanta á rẹ́rìn-ín, á sì sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ orí ń lọ. Wọ́n ti mú ọkùnrin mìíràn méjì wá láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ akọ̀wé ní bánkì, Shevanta sì kọ àwọn méjèèjì nítorí Vishwas.

Ni Nọ́ọ̀sì Leela bá dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èémí kò dúró lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Vishwas ti gbà! Ó ti dìde lórí ibùsùn, ó ti ń bèèrè irú àwọ̀ sárì tí ìyàwó fẹ́. Ó ní kí ìwé Vishwas jáde ná, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá gbé ṣúgà ìdána lọ sílé àwọn Jadhav. Inú ilé náà dùn dé àjà. Shevanta so mọ́ Nọ́ọ̀sì Leela lọ́rùn, ó bi í pé kí ló yí ìyá náà lọ́kàn padà.

"Èmi ò mọ̀," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ó kàn ń tún un sọ pé ẹ̀jẹ̀ kì í parẹ́, ẹ̀jẹ̀ kì í parẹ́. Mo ní ẹ ṣeun, mà, mo sáré wá."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí ta Shevanta létí bákan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ti ń pa láti àárọ̀ kì í yẹ oúnjẹ wò. Ó gbé e kúrò lọ́kàn.

Wọ́n ṣí ìwé náà lójú agbo ní ilé ìwé gíga. Ìwé náà nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, àwòrán odi Ghorgad wà lára rẹ̀. Àwọn èèyàn ńlá sọ̀rọ̀, wọ́n fi òdòdó sí Vishwas lọ́rùn. Shevanta jókòó lẹ́yìn láàárín àwọn olùkọ́ obìnrin, ó ṣí orí tí ó ti ń dúró dè, ojú rẹ̀ ń wá orúkọ kan ṣoṣo. Kò rí i. Ó tún wá a. Ohun tó rí ni Satajirao Jadhav, akọni ọmọ Maratha, ẹni tó wọ akísà Mahar kí ọ̀tá má bàa dá a mọ̀, tó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ pọnmi fún àwọn ará rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé lẹ́yìn ogun, àwọn ọmọ Satajirao ṣìnà sí àárín àwọn Mahar, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di òní láìmọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára wọn. Ìlà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Mahar kan ṣoṣo tó wà nínú orí náà fara hàn. Kò lórúkọ. Òun ló gba owó lọ́wọ́ ọ̀tá, tó fi ibi tí orísun wà hàn wọ́n, tí wọ́n fi yìnbọn pa Satajirao.

Gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́, Shevanta náà rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń pàtẹ́wọ́.

Ó pe Vishwas sẹ́yìn ilé ìwé, lábẹ́ igi dóńgóyárò. Òdòdó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ta ni Satajirao?" ni Shevanta bi í.

Vishwas rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti ń fi ẹ̀bùn pamọ́. "Bàbá ńlá rẹ ni."

"Bàbá ńlá mi ń jẹ́ Satnak. Ẹnu ọ̀nà wa lo jókòó sí tí o fi gbọ́ ọ."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní ẹni tó tẹ̀wé ní kò sí ilé Maratha kan tí yóò ra ìwé tó ní bàbá ńlá wọn mumi ọwọ́ Mahar, pé wọ́n lè dáná sun ìsọ̀ òun. Ó ní kò sí ohun tí òun kò sọ fún ìyá òun fún ọdún méjì, kò wọ̀ ọ́ létí. Ní òru ọjọ́ kan ni ọgbọ́n yìí wá sí òun lọ́kàn. Ṣé kì í ṣe Jadhav ni wọ́n ń jẹ́? Jadhav pọ̀ láàárín àwọn Maratha, wọ́n sì wà láàárín àwọn Mahar. Ta ló fẹ́ jiyàn? Òun kàn so okùn méjì pọ̀ ni. Ìyá òun ka ojú ìwé náà, ó sì ní bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ Satajirao ni ọmọbìnrin náà, kò sí wàhálà.

"Mo gbé yín ga, Shevanta," ó ní. "Nítorí tiwa ni mo ṣe ṣe é."

"O ò lè fẹ́ mi àfi tí o bá kọ́kọ́ pa bàbá ńlá mi."

"Má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mahar tó dalẹ̀ yẹn ńkọ́? Ta ni?"

Vishwas wolẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Ó ní ìtàn ogun kò dùn láìsí ọ̀dàlẹ̀, ìdí tí òun kò ṣe fún un lórúkọ nìyẹn.

"O ò fún un lórúkọ, o fún un ní ìran," ni Shevanta wí. "Tí a bá bímọ, tó bá ka ìwé yìí, tó wá bi mí pé ta ni Mahar tó ta omi, ta ni kí n ní ó jẹ́? Ṣé kí n ní bàbá mi ni, àbí ìyá àgbà?"

Vishwas di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sunkún. Kì í ṣe ẹkún ẹ̀tàn, Shevanta mọ̀, ìyẹn ló sì mú un rọ̀. Ó bi í pé kí ni ó fẹ́ kí òun ṣe. Shevanta ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ṣúgà wá, kó tó gbé e lé òun lọ́wọ́, kó sọ lójú ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ pé Satnak ọmọ Mahar ló pọn omi náà, pé àwọn Maratha mu ún, pé ohun tí òun kọ kì í ṣe òótọ́. Bí ó bá sọ ọ́, òun yóò fẹ́ ẹ, ì báà jẹ́ pé ìta ni àwọn yóò máa sùn. Vishwas fi orí ìyá rẹ̀ búra pé òun yóò sọ ọ́.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ìwé náà ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé kó ara wọn jọ, wọ́n wá sí ìdí igi lẹ́yìn ilé àwọn Jadhav pẹ̀lú fèrè àti àsíá, wọ́n gbé òkúta Satnak lọ sínú tẹ́ńpìlì àwọn ìran òkè. Wọ́n ní akọni Maratha kò gbọdọ̀ máa gbé láàárín àwọn Mahar. Ìyá àgbà Bhagu tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ìgò òróró rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì, ọmọkùnrin kan tí Nọ́ọ̀sì Leela gbẹ̀bí rẹ̀ sọ fún un wẹ́rẹ́ pé kó má wọlé, pé ọwọ́ rẹ̀ yóò ba òkúta náà jẹ́. Ìyá àgbà padà wálé, ó gbé òróró náà sílẹ̀. Shevanta kò lè wo ojú rẹ̀. Òun ló mú àlejò wọlé. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Bàbá rẹ̀ bi í bóyá kí àwọn dá ṣúgà náà dúró. Ó ní rárá, Vishwas ti búra. Ó gbé gbogbo ọkàn rẹ̀ lé ìbúra yẹn. Nígbà tí ó bá ń gbálẹ̀, nígbà tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni bí ohùn Vishwas yóò ti rí nígbà tí ó bá sọ ọ́.

Ọjọ́ náà pé. Baban ti kun ilé, ó wọ ẹ̀wù sójà rẹ̀ àtijọ́ tó ti lọ̀ kó gún régé, àwòrán Bàbásáhẹ́bù, aṣáájú tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Mahar, ń wo gbogbo wọn láti ara ògiri. Ìyá Vishwas wọlé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti àwọn obìnrin ilé wọn. Ó gbá Shevanta mọ́ra! Ó gbá a mọ́ra ní tòótọ́, ó fọwọ́ pa á lójú, ó ní ó pẹ́ tí òun ti rí i lójú ọmọ náà pé ilé ńlá ló ti wá. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní nǹkan kékeré kan ló kù. Níbi ìgbéyàwó, kí ìyá àgbà má kọ orin yẹn o. Ó lè sinmi sílé. Àwọn àlejò yóò pọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè má yé wọn.

Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ. Ìyá àgbà jókòó ti ògiri, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá Vishwas gbé àwo ṣúgà lé Vishwas lọ́wọ́ kó gbé e fún ìyàwó. Shevanta kò na ọwọ́. Ó wo ojú rẹ̀, ó ń dúró.

"Vishwas," ó ní, "wọ́n ń gbọ́ ẹ."

Vishwas lanu. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò mọ ohun tó ń bọ̀, inú rẹ̀ dùn bí obìnrin tó ti ṣàìsàn fún ọdún méjì tó wá gbádùn. Ẹnu Vishwas tún pa dé.

"Shevanta, jọ̀ọ́," ló sọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jẹ́ ká délé ká tó sọ ọ́."

Shevanta wo yàrá náà yíká. Ó wo bàbá rẹ̀ nínú ẹ̀wù sójà, ó wo ìyá àgbà, ó wo àwọn àwo àkàrà ọkà bàbà tí àwọn aládùúgbò ti ń ṣe láti ìdájí.

"Ilé nìyí, Vishwas," ó ní. "Ilé ta lo fẹ́ ká dé?"

Vishwas dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwo ṣúgà lọ́wọ́, títí Nọ́ọ̀sì Leela fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó dá a padà sínú àpò ìyá Vishwas láìsọ̀rọ̀, òun tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Shevanta wọ yàrá lọ, ó sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìta fi gbọ́ ọ, nítorí ó ṣì fẹ́ràn ọkùnrin náà. Kò bo èyí mọ́ ẹnikẹ́ni lára, nígbà náà àti lẹ́yìn náà. Ó ní bí òun bá kórìíra rẹ̀ ni, kì bá ti dun òun tó bẹ́ẹ̀ pé Vishwas kò lè pe orúkọ kan ṣoṣo.